Òǹkọ̀wé Ìwé Irínwó

Àwọn kan ń jẹ oyè, àwọn kan sì wà tí oyè ń jẹ. Ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí, oyè ti jẹ ẹ́ dé ọrùn kí ẹnikẹ́ni tó fura. Abidjan ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì pẹ́ rárá. Títí di òní, àwọn tó ṣojú wọn ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lọ́jà Adjamé bí wọ́n bá rí ẹni tó yọ ìnujú láti nu ojú rẹ̀.

Alhaji Lúkmánì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé bí mo ṣe pè é nìyẹn o. Láti ọjọ́ tó ti di Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ìmọ́lẹ̀-Ilé, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ tó ń ṣòwò ní Adjamé àti Treichville, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mahfuz, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti kọ wọ́n sára páálí, ó fi ike bò ó, ó sì gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kí àlejò lè máa kà á bó ṣe ń bọ́ bàtà: Ààrẹ Pátápátá, Monsieur le Président, Baba Ìmọ̀, Ọ̀pómúléró Abidjan, Ìràwọ̀ Treichville, Alhaji Oní-Mẹ́kà-Ẹ̀ẹ̀mejì, Ọ̀rọ̀-Bí-Oyin, Ẹkùn Tí Ń Kàwé. Bí o bá fo ọ̀kan, o ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ó pàṣẹ pé àga òun gbọ́dọ̀ ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ nípàdé. Káfíńtà fi pákó kan sí i nídìí. Nígbà tí ọkùnrin gíga kan wọ ẹgbẹ́, wọ́n fi pákó kejì sí i. Nígbà tí à ń wí yìí, àpótí ni Ààrẹ fi ń gun àga náà, Mahfuz a sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kí Ọ̀pómúléró má baà takìtì. Òfin mìíràn tún wà: bí Ààrẹ bá ti ń sọ̀rọ̀, Mahfuz kò gbọdọ̀ wo ibòmíràn àfi ẹnu rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ikọ́ ni ó wú, Mahfuz a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé, "Ààrẹ sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kan."

Síbẹ̀, ká má parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, bó bá ti dìde, ariwo á dákẹ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè ibi tí ó ti ń rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, á fi ìka kan orí rẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn, nítorí a ó tún padà bá a.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ Ààrẹ yìí wá dun jù ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mùkàrámà. Treichville ni wọ́n bí i sí, àdúgbò Siporex ló sì ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń tún fóònù ṣe. Èdè Yorùbá rẹ̀ kún fún Faransé bí ìrẹsì tí wọ́n da ẹ̀wà sí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ní sí ìwé Yorùbá kò kéré. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń tọrọ ìwé àtijọ́ tí àwọn àgbà fi sí ìsàlẹ̀ àpótí. Á ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, á tẹ̀ ẹ́, á sọ ọ́ di ìwé orí fóònù. Irínwó lé méjìlá ni ó ti kó jọ sínú áàpù ilé-ìkàwé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní lórí fóònù wọn. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan ni ó kọ àlàyé rẹ̀ sí: orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ìlú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ bó bá wà, àti ẹni tó yá wọn ní ìwé náà.

Kì í sì í ṣe ibì kan ṣoṣo ni ó ń kọ ọ́ sí. Ibi tí ó ti kọ́ ìyẹn kò ju ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ, Ìyá Ràmúlátù, tó ń ta àwo tánganran l'Adjamé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ẹrù rí mọ̀ ọ́n. Ẹrù tó bá kúrò nílé, yóò gba Kútọnu, yóò gba Lomé, yóò gba Accra, kí ó tó dé Abidjan. Òjò á pa á, wọ́n á sọ ọ́ sílẹ̀ ní bodè mẹ́rin, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan sì lè fi ọ̀dà kọ orúkọ tirẹ̀ lé orúkọ olówó ẹrù lórí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyálọ́jà wa fi ń kọ orúkọ wọn sára àpò, tí wọ́n sì tún ń kọ ọ́ sínú bébà kan, tí wọ́n á fi ọ̀rá wé, tí wọ́n á rì í mọ́ àárín ẹrù. Bí ìjà bá dé, ẹnìkan á ní, "Ẹ tú u." Wọ́n á tú u, ọ̀rọ̀ á sì tán. Wọ́n máa ń wí pé orúkọ ìta wà fún ojú, orúkọ inú wà fún ẹjọ́.

Ta ni ó wá ń dájọ́ ẹrù náà ní gáréèjì Adjamé ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí okìkí rẹ̀ fi kàn? Alhaji Lúkmánì ni. Nígbà náà orí ilẹ̀ ló ń jókòó sí.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe ẹrù ni Mùkàrámà ń ṣe ìwé. Á kọ orúkọ òǹkọ̀wé sínú áàpù níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, á sì tún kọ ọ́ sínú ìwé fúnra rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ènìyàn kì í wò.

Nínú gbogbo ìwé náà, èyí tó fẹ́ràn jù ni ti Tíṣà Adéṣọpẹ́. Bàbá yìí ń gbé ní Anoumabo, ó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógójì kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé Yorùbá kíkà ní ọjọ́ Sátidé. Ó kọ ìwé kan ṣoṣo láyé rẹ̀, *Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Láwùjọ*, sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé mẹ́sàn-án: bí a ṣe ń kí àgbà, bí a ṣe ń dúpẹ́, bí a ṣe ń tọrọ gáfárà, bí olórí ṣe yẹ kó bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mùkàrámà ló tẹ̀ ẹ́, ló sì ya bàbá náà ní fọ́tò fún ẹ̀yìn ìwé. Ojú Tíṣà ti ń ṣú báyìí. Ó ti múra láti wọ ọkọ̀ lọ sílé pátápátá ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

"Mùkàrámà, ọmọ mi," ló wí fún un, "n kò kọ́lé, n kò ra mọ́tò. Adéfọlákẹ́ ọmọ mi ń bi mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ni mo rí ṣe nílẹ̀ àwọn elédè Faransé láti ọjọ́ yìí. Mo ní kó ṣí fóònù rẹ̀ ní Sátidé tí wọ́n bá ń ṣí ilé-ìkàwé tuntun, pé á rí orúkọ mi. Ìyẹn nìkan ni mo ní tí mo lè fi hàn án."

Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ẹkùn Tí Ń Kàwé ṣe.

Ṣáájú èyí, Ààrẹ ti rí áàpù ilé-ìkàwé mìíràn lórí fóònù ẹnìkan, ó sì ti kéde pé Sátidé ni ẹgbẹ́ yóò ṣí i. Nínú ti tẹ́lẹ̀, àwòrán òǹkọ̀wé kò ju èékánná lọ. Nínú ti tuntun yìí, bí o bá ti tẹ orúkọ òǹkọ̀wé, àwòrán rẹ̀ á kún ojú fóònù bámúbámú. Ọkàn Ààrẹ kò balẹ̀ mọ́. Ó pe Mùkàrámà sí ọ́fíìsì, ó gun àga rẹ̀, Mahfuz di ẹ̀yìn àga mú.

"Ta ni ó ni ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé?" ni Ààrẹ béèrè.

"Onílé ni, Baba Ìmọ̀!" Mahfuz dáhùn.

"Ìwé irínwó lé méjìlá ni wọ́n bí sábẹ́ ìjọba mi. Orúkọ ta ni ó yẹ kí wọ́n máa jẹ́?"

"Tiyín ni, Ọ̀pómúléró!"

"O gbọ́, Mùkàrámà. Kó gbogbo ìwé náà lọ sínú áàpù tuntun yìí. Níbi tí wọ́n bá kọ òǹkọ̀wé sí, orúkọ mi ni kó wà níbẹ̀. Níbi àwòrán, àwòrán mi. Mo fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé ìmọ̀ ní orísun."

Mùkàrámà ti ka oyè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kó tó wọlé, ẹnu ti gbẹ. "Ààrẹ, pardon, àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí ní orúkọ tiwọn. Àwọn kan ti kú, mais àwọn ọmọ wọn wà."

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n kú ni?"

"Rárá o, Ààrẹ. Mais Tíṣà Adéṣọpẹ́ ò tíì kú. Wọ́n wà ní Anoumabo."

"Kí ni mo ń gbọ́? Ìwé Tíṣà tí mo ti kà láìmọye ìgbà! Ọlá ni fún un kí orúkọ mi bo tirẹ̀. Òjìji igi ńlá, ṣé ìyẹn ń pa koríko ni?"

Ó ń pa á. Àgbẹ̀ ni bàbá Ààrẹ, òun náà sì mọ̀ pé ó ń pa á. Ṣùgbọ́n Mahfuz ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni.

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan sí i," Mùkàrámà wí. "Orúkọ tí mo bá yí padà nínú áàpù àtijọ́, ìta ni. Ìwé fúnra rẹ̀ ní orúkọ nínú. Tí mo bá kó o lọ sínú áàpù tuntun, inú yẹn ló máa kà, kò ní wo ìta. Ó dà bí ẹrù ilé, Ààrẹ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Ojú Ààrẹ yí padà. Kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹrù níwájú òun mọ́ láti ìgbà tó ti di Ìràwọ̀. "Ẹrù! À ń sọ̀rọ̀ ìmọ̀, o ń sọ̀rọ̀ ẹrù! Mahfuz, kọ ọ́ sílẹ̀: bí ọmọbìnrin yìí kò bá lè ṣe é, ẹ gba ilé-ìkàwé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìwé èyíkéyìí tí kò bá jẹ́ orúkọ mi dànù. Bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Tíṣà yẹn. Àti pé, má kó o láti inú kọ̀ǹpútà rẹ. Inú tablẹ́ẹ̀tì tèmi ni kí o ti kó o, kí ìtàn lè sọ pé ọwọ́ Ààrẹ ni ìwé ti wá. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, má ṣẹ́ ọ̀kan kù."

"Gbogbo rẹ̀, Ààrẹ?"

"Ṣé etí rẹ di ni?"

Mùkàrámà gba tablẹ́ẹ̀tì. Ó gba Anoumabo kọjá, nítorí kò lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún Tíṣà. Bó ṣe ń rò ó ni omi ń lé ròrò lójú rẹ̀. Bàbá náà fi ọwọ́ wá ife omi rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ó ní òun ti ka ìwé mi?"

"Láìmọye ìgbà, bí wọ́n ṣe wí nìyẹn."

"Ó dáa." Ẹnu bàbá yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bó bá jẹ́ pé ó kà á lóòótọ́, kò ní fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ṣe ohun tó ní kí o ṣe, ọmọ mi. Má fi ìwé àwọn òkú ṣòfò nítorí tèmi."

Ní Fúráìdé, Mùkàrámà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Siporex. Ó mú gbogbo ìwé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú áàpù àtijọ́, ó kọ Ààrẹ síbi òǹkọ̀wé, ó fi àwòrán rẹ̀ síbi àwòrán. Ó dùn ún bí ẹni ń fi ọ̀dà kun ojú òkú. Lẹ́yìn náà ó kó wọn jáde, ó kó wọn wọ áàpù tuntun, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Áàpù tuntun ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ohun tó bá nínú. Bí ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ gan-an ló rí. Orúkọ Ààrẹ kò tẹ̀lé ìkankan dé ibẹ̀. Irínwó lé méjìlá òǹkọ̀wé padà sáyé pẹ̀lú ìlú wọn àti fọ́tò wọn.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún tẹ̀lé wọn wọlé tí Mùkàrámà kò retí. Áàpù náà máa ń to ìwé tí ẹnìkan ti fàmì sí sí òkè pátápátá. Nínú irínwó lé méjìlá, ọ̀kan ṣoṣo ló lọ sókè. *Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Láwùjọ* ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Ẹkùn Tí Ń Kàwé kò tíì ṣí ìwé kankan rí. Mùkàrámà tẹ̀ ẹ́, ìwé náà ṣí sójú ewé kan tó kún fún yẹ́lò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ààrẹ ti fi ìka fa yẹ́lò sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ há sórí, yẹ́lò náà sì ti wọnú ìwé lọ bí epo ṣe ń wọ aṣọ. Ó kà á. Ó tún yí ojú ewé kan sẹ́yìn, ó ka àkọlé orí náà. Ó fi ọwọ́ di ẹnu mú. Oníbàárà kan tó wá gba fóònù bi í pé ṣé kò sí o.

Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á, ẹ̀rù sì tẹ̀lé e. Ìyá rẹ̀ kò tọ́ ọ pé kó jẹ́ kí àgbà rìn hòòhò wọjà bó bá lè na aṣọ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ Abidjan náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn: gbê est mieux que drap. Pé ká sọ òótọ́ síni létí sàn ju ká jẹ́ kí ìtìjú báni lójú agbo. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó mú tablẹ́ẹ̀tì náà, ó wọ bọ́ọ̀sì gbaka lọ sí Treichville, ó ní òun fẹ́ rí Ààrẹ.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta," Mahfuz wí, ó tẹ aago fóònù rẹ̀. "Bẹ̀rẹ̀."

Mùkàrámà bẹ̀rẹ̀. "Ààrẹ Pátápátá, Monsieur le Président, Baba Ìmọ̀, Ìràwọ̀ Treichville…"

"O fo Ọ̀pómúléró," Mahfuz wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé orí Ẹkùn, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ti lọ. "Ààrẹ, ẹ dákun, nǹkan kan wà nínú tablẹ́ẹ̀tì yín tí ẹ ò ní fẹ́ kí…"

"Ohun tó bá wà nínú tablẹ́ẹ̀tì mi," ni Ààrẹ wí láti òkè, "kí gbogbo ayé rí i!"

"Ẹ fi ojú ara yín wò ó ná, ìwé ti Tíṣà…"

"Èmi àti aráyé la jọ máa rí i lọ́la. Ọba kì í tọ́ ọbẹ̀ wò ní ilé ìdáná."

Aago dún, Mahfuz gba tablẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Mùkàrámà kọ ọ̀rọ̀ náà sínú bébà, ó fi ránṣẹ́. Mahfuz dá a padà nítorí pé oyè méjì kò sí lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá bi yín pé ta ni ó ṣe Alhaji, ẹ sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ògiri tó dí i létí.

Sátidé dé. Gbọ̀ngàn kan ní Treichville kún fọ́fọ́. Ohun méjì ni wọ́n fẹ́ ṣe: wọ́n fẹ́ ṣí ilé-ìkàwé tuntun, lẹ́yìn náà wọ́n fẹ́ nawọ́ sókè kí wọ́n fi Alhaji ṣe Ààrẹ Títí Láé. Madame Micheline wá láti mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà wọ́n fi Ìyá Ràmúlátù jókòó tì í kó máa túmọ̀ fún un. Tíṣà Adéṣọpẹ́ jókòó níwájú, ojú rẹ̀ sí ibi tí kò rí dáadáa. Mùkàrámà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mahfuz fi ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí Ààrẹ. Ó ní bí kò bá sí ti Ààrẹ, òkun ìbá ti gbé àdúgbò Vridi lọ. Ó ní láti ìgbà tí Ààrẹ ti ń kàwé ni iná mànàmáná kò fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ l'Abidjan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ díẹ̀, nítorí oúnjẹ ṣì ń bọ̀. Ààrẹ gun àga rẹ̀ tí wọ́n gbé sórí pèpéle. Aṣọ funfun ńlá wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ohun tó wà lójú tablẹ́ẹ̀tì yóò ti hàn.

"Mahfuz, ṣí ìwé kan," ó pàṣẹ, "kí wọ́n máa fi àwòrán mi gbádùn ọ̀rọ̀ mi."

Mahfuz tẹ èyí tó wà lókè pátápátá. Ó gbé tablẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó sá lọ di ẹ̀yìn àga mú, ó sì gbé ojú lé ẹnu Ààrẹ, gẹ́gẹ́ bí òfin. Nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà, àwọn méjì péré ni kò kọjú sí ògiri.

"Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá rere!" Ààrẹ bẹ̀rẹ̀. "Oòrùn kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀run. Ta ni oòrùn ti yín?"

Lára ògiri, nínú yẹ́lò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó igbá, wọ́n rí i: *Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá rere! Oòrùn kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀run. Ta ni oòrùn ti yín? (Dúró díẹ̀. Fi ọwọ́ kan àyà. Má dárúkọ ara rẹ.)*

Ààrẹ dúró díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan àyà. Kò dárúkọ ara rẹ̀.

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín níwájú. Ààrẹ rò pé ayọ̀ ni.

"Kí n tó dé, inú òkùnkùn ni ẹ wà!"

*(Nu ojú rẹ bí ẹni tó fẹ́ sunkún.)*

Ìnujú funfun jáde láti inú àpò agbádá. Gbọ̀ngàn mì. Ìyá Ràmúlátù ń túmọ̀ fún Madame Micheline kíákíá pé ìwé ní kó nu ojú, òun náà sì ń nu ojú: "Le livre dit, essuie ton visage. Lui aussi, il essuie. Wallaï!" Ẹ̀rín Madame máa ń pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀, nítorí náà bí tiwọn bá ti ń rọlẹ̀, tirẹ̀ á gbé e dìde.

Inú Ààrẹ dùn. Kò rí irú èyí rí. Ó gbé ohùn sókè. "Ẹ ń bi mí pé, Lúkmánì, níbo lo ti rí irú ọgbọ́n yìí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn kà á pọ̀, bí ọmọ iléèwé Tíṣà: "Mo ní, inú orí mi ni ó ti ń sun bí omi!"

Ààrẹ na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ mọ̀ ọ́n! Ẹ ti mọ̀ mí!"

"Alhaji," ni ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn, "ẹ gbàgbé láti rẹ́rìn-ín díẹ̀! Ó wà níbẹ̀!"

Nígbà náà ni ó yíjú padà. Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí ojú ọkùnrin náà. "Mahfuz!" Mahfuz fi àga sílẹ̀, ó fò lé tablẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ pa á, ó ṣì í fà sẹ́yìn. Ojú ewé tó ṣáájú jáde, èyí tí Ààrẹ kò kà rí láyé rẹ̀, pẹ̀lú àkọlé gàdàgbà: *Orí Kẹsàn-án. Bí Agbéraga Ṣe Ń Sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kọ àpẹẹrẹ yìí sílẹ̀ kí ẹ lè dá a mọ̀ bí ẹ bá gbọ́ ọ, kí ẹ má sì ṣe sọ irú rẹ̀ láé.*

Ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín lórí ìjókòó, ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀. Y a drap, ìtìjú dé, ni àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo. Ààrẹ na ìka sí ògiri. "Orúkọ mi ló wà lára ìwé yẹn! Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i!"

Ìyá Ràmúlátù dìde. Ọmọ rẹ̀ fà á láṣọ, kò jókòó. "Lúkmánì," ó wí, láìka oyè kankan, "ní gáréèjì Adjamé, bí wọ́n bá ní orúkọ wọn ló wà lára ẹrù, kí lo máa ń wí?"

Àwọn arúgbó oníṣòwò ló bá a dáhùn. "Ẹ tú u!"

Ìka Mahfuz tún ṣì í tẹ̀. Ó kan orúkọ òǹkọ̀wé, àwòrán rẹ̀ sì kún ògiri láti ilẹ̀ dé òrùlé, bí Ààrẹ ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Arúgbó kan ni, pẹ̀lú fìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Adéṣọpẹ́, Tíṣà. Ògbómọ̀ṣọ́ àti Abidjan.* Ariwo dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tíṣà di ọwọ́ Mùkàrámà mú. "Kí ni wọ́n fi sára ògiri yẹn? Ó funfun, ó tóbi. Ó dà bí ẹni tí mo mọ̀."

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Orúkọ ńkọ́?"

"Orúkọ yín ni. Ó wà níbẹ̀."

Bàbá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò, nọ́ńbà Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kò lè rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, Mùkàrámà ló bá a tẹ̀ ẹ́. Igbe Adéfọlákẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, ó ń pe "Bàbá mi! Bàbá mi!" tí kò lè sọ ohun mìíràn. Mùkàrámà sunkún, kò sì fi pamọ́.

Wọ́n ṣì nawọ́ o, nítorí ìwé ètò ní kí wọ́n nawọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ Ààrẹ Títí Láé na ọwọ́, ọwọ́ kan gòkè ní gbogbo gbọ̀ngàn. Ti Mahfuz ni. Ó dé ìdajì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fi ha orí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe ààrẹ, wọ́n sì yọ pákó méjèèjì kúrò nídìí àga. Mahfuz ti ń kọ oyè ti ẹni tuntun náà sórí páálí, wọ́n gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí Tíṣà ti lọ sílé kí Alhaji tó yọjú sí Siporex. Òun nìkan ló wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí oníbàárà fi tán.

"Mùkàrámà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ káàsán, Alhaji. Ẹ wọlé."

"Yẹ́lò yẹn. Ṣé ó ṣeé pa rẹ́?"

"Ó ṣeé pa rẹ́. Mais Tíṣà ní kí n má pa á rẹ́. Wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnìkan máa há ìwé wọn sórí. Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan sínú àlàyé ìwé náà." Ó yí tablẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí i.

Alhaji tẹ̀ síwájú, ó kà á. Lábẹ́ orúkọ ìwé, lábẹ́ orúkọ Tíṣà, lábẹ́ orúkọ ìlú, wọ́n kọ ọ́ pé: *Ẹni tó kọ́kọ́ fàmì sí i: Alhaji Lúkmánì. Ojú ewé kan.* Nínú ìwé irínwó lé méjìlá, ibẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀ wà.

"Ojú ewé mélòó ni gbogbo ìwé náà?"

"Igba ó lé mẹ́fà."

Ó wo ojú pópó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Orí kìíní ńkọ́? Níbo ló wà?"

Mùkàrámà ṣí i fún un. Kò sí àga mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù àfi àpótí kékeré tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún ènìyàn fi ń kan àgbọ̀n. Alhaji jókòó sí i, ó kó agbádá rẹ̀ jọ sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.